Ẹ́ńjìnnì gáàsì tó máa pèsè iná, omi gbígbóná àti AC pa pọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì: ṣé 1.5 MW ò ti pọ̀ jù?

DamilareFM

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn gidi torí àwọn ọ̀gá mi fẹ́ buwọ́ lùwé láìpẹ́, owó ńlá sì ni. Òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń bójú tó ní Ìkẹjà, yàrá bíi 120, gbọ̀ngàn àpèjẹ kan, ilé ìdáná ńlá, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì. Jẹnẹrétọ̀ díísù méjì la ní, 800 kVA kọ̀ọ̀kan. Band A ni wọ́n pe àdúgbò wa, iná ń wá lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní lọ nígbà tí àlejò bá wà nínú lífítì, owó díísù sì ti fẹ́ gba ẹ̀mí wa.

Páìpù gáàsì gba iwájú géètì wa kọjá. Kọ́ńpìnnì kan wá bá wa, wọ́n ní àwọn máa gbé ẹ́ńjìnnì gáàsì 1.5 MW kan wá, pẹ̀lú absorption chiller 300 tọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ooru dípò iná tu omi AC (ìwọ̀n òtútù ni tọ́ọ̀nù yẹn), tí ooru ẹ́ńjìnnì yẹn á máa mú ṣiṣẹ́, omi gbígbóná náà á tibẹ̀ jáde. Tríjẹnẹréṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní nínú gbogbo 100 náírà gáàsì tá a bá sun, iṣẹ́ 85 náírà la máa rí gbà níbẹ̀.

Ohun tí mítà wa sọ rèé: lọ́sàn-án tí gbogbo AC bá wà lókè, 900 kW. Lóru láàárín aago 1 sí aago 4, 430 kW. Chiller oníná méjì ló wà lórí òrùlé, 150 tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, àwọn tí fáànù ń tù. Méjèèjì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gan-gan, lóru ọ̀kan péré ló ń ṣe é. Omi ìwẹ̀ gbogbo yàrá, hítà iná ni.

Ṣé 1.5 MW ò ti pọ̀ jù? Ṣé 85 yẹn lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Kí ló yẹ kí n bi wọ́n kí àwọn ọ̀gá mi tó fọwọ́ sí i? Ẹ ṣeun o.

EnjiniaGaasi

Ẹ kú àárọ̀ Dàmílárẹ̀, o ṣeun tó o mú nọ́ńbà dání wá, torí ọ̀pọ̀ tó ń béèrè irú nǹkan yìí kì í ní ju ohun tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ wọn lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹ́ńjìnnì gáàsì ṣiṣẹ́, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. 1.5 MW ti pọ̀ jù, ó tiẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí 85 yẹn. Bí gáàsì tó wọnú ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ 100, nǹkan bí 40 á di iná, nǹkan bí 43 sí 45 á di ooru téèyàn lè rí kó, ìyókù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀nà méjì ni ooru yẹn ń gbà jáde: ìdajì wà nínú omi tó ń tu ara ẹ́ńjìnnì, omi yẹn máa ń gbóná tó nǹkan bí 90°C, ìdajì kejì wà nínú èéfín tó ń gba sàlẹ́ńsà jáde, ìyẹn lè gbóná ju 400°C lọ. 40 pẹ̀lú 45, ibẹ̀ ni 85 ti wá. Wọn ò parọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ló ni nọ́ńbà yẹn, òtẹ́ẹ̀lì yín kọ́. Ooru tí ẹnikẹ́ni ò bá lò, rádíétọ̀ ló máa dà á nù sínú afẹ́fẹ́, owó ẹ̀ á ṣì wà nínú bíìlì gáàsì lópin oṣù.

Wàyí o, kí ni ooru yẹn wúlò fún? Absorption chiller tó ń fi omi gbígbóná ṣiṣẹ́, tó o bá fún un ní ooru 1 kW, òtútù nǹkan bí 0.7 kW ló máa dá padà. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 3.5 kW òtútù, ìyẹn ni pé ooru 5 kW lo máa fi rí tọ́ọ̀nù kan. Chiller tó wà lórí òrùlé yín báyìí, ó máa jẹ iná nǹkan bí 1.2 kW fún tọ́ọ̀nù kan náà. Nítorí náà ooru 5 kW lo ná, iná 1.2 kW lo fi gbà sílẹ̀. Àmọ́ tó o bá mú ooru 5 kW yẹn kan náà, tó o fi gbé omi ìwẹ̀ kaná dípò hítà iná, iná 5 kW gangan lo gbà sílẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin! Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí fara balẹ̀ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa, torí gbogbo ìwé tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ àwọn onílé, AC ni wọ́n máa ń fi síwájú. Kí omi gbígbóná kọ́kọ́ jẹun yó, kí ibi ìfọṣọ jẹun yó, ìyókù ni ti AC.

Ó ku ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Lójú mi, orí ibi tí lóòdù ilé kì í lọ sísàlẹ̀ ẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 430 kW tìẹ lóru. Àmọ́ 430 yẹn fúnra ẹ̀ máa dínkù! Ṣebí AC wà nínú ẹ̀. Tí absorption bá ti gba lára iṣẹ́ AC, iná tí ẹ́ńjìnnì máa gbé á wálẹ̀, tí iná bá sì wálẹ̀ ooru náà á wálẹ̀, òtútù á tún wálẹ̀, wọ́n á jọ máa fa ara wọn títí wọ́n á fi bára dọ́gba níbì kan. Mo fi ẹ́ńjìnnì 400 kW gbìyànjú ẹ̀: lóru ó máa dúró síbi 340 kW, ooru ẹ̀ á fún yín ní nǹkan bí 72 tọ́ọ̀nù, ìyẹn á gba bí 86 kW sílẹ̀ lára chiller oníná, 430 yọ 86, ó kù 344. Ó bára mu. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń ṣiṣẹ́ ní 85 nínú 100 agbára ẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, ibi tó fẹ́ràn jù nìyẹn.

Lọ́sàn-án, ẹ tan ẹ́ńjìnnì 400 kW kejì mọ́ ọn. Méjèèjì á jọ gbé bí 720 kW, ooru wọn á fún yín ní 150 sí 155 tọ́ọ̀nù, ìyẹn á gba bí 180 kW sílẹ̀, 900 yọ 180, ó kù 720. Ìyókù òtútù tí ẹ bá ń fẹ́, ọ̀kan nínú chiller tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ á ṣe é. Lápapọ̀, méjì 400 kW àti absorption bíi 150 tọ́ọ̀nù. Ìṣirò orí tábìlì ni o, AC nìkan ni mo kó gbogbo ooru fún nínú ẹ̀, ẹni tó bá máa ṣe dísáìnì gbọ́dọ̀ fi mítà ọdún kan tún un ṣe, kó fi omi gbígbóná sí i, àmọ́ ẹ ti rí ibi tó ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé 1.5 MW síbẹ̀, lóru á máa gbé nǹkan tí kò tó ìdá mẹ́rin agbára ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gáàsì kì í fẹ́ kéèyàn máa lò ó lábẹ́ ìdajì fún wákàtí gígùn, gáàsì tó ń jẹ fún kWh kan máa pọ̀ sí i, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì kọjá, plọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Àwọn tó ṣe é gan-an kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹ má ṣe é. Kí lẹ fẹ́ wá ṣe? Ẹ máa pa á lóru, ẹ máa padà tan díísù, orí díísù yẹn náà lẹ tún wà.

AdukeChiller

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀gá EnjiniaGaasi ti sọ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti absorption torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù.

Dàmílárẹ̀, omi ńkọ́? Mi ò rí i kó o mẹ́nu ba omi rárá. Chiller tẹ́ ẹ ní báyìí, fáànù ló ń tù ú, kò mu omi. Absorption, cooling tower ló máa lò, ìyẹn ilé ìtútù tó ń jẹ́ kí omi gbẹ lọ sókè kó lè kó ooru dànù, ooru tó máa dà sórí tower yẹn sì máa ń pọ̀ tó ìlọ́po méjì ti chiller oníná tó bá ń lo tower, torí ó máa da ooru tó kó nínú ilé, ó tún máa da ooru tẹ́ ẹ fi wà á. Ẹ ṣírò ẹ̀: 150 tọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 525 kW òtútù, ohun tó máa lọ sórí tower á tó bí 1,270 kW. Láti tu ìyẹn, omi bí 1,900 lítà ló máa gbẹ lọ sókè ní wákàtí kan. Ẹ wá fi èyí tẹ́ ẹ máa tú dànù kún un kí iyọ̀ má baà ki jù nínú ẹ̀, á tó 2,500 lítà. Tó bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún 20 wákàtí, 50,000 lítà nìyẹn lójúmọ́. Tánkà omi 10,000 lítà márùn-ún. Ṣé bọ́hóólù yín lè gbé e? Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń ra omi kún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi owó yẹn sínú ìṣirò.

Irú omi wo náà ni? Omi bọ́hóólù ọ̀pọ̀ ibi l'Ékòó ní irin nínú, ibòmíì ó ní iyọ̀, pàápàá lápá Lẹ́kí àti Victoria Island. Mo ti ṣí condenser absorption kan (apá tí omi tower ti ń gba ooru ẹ̀) tí wọn ò fi fílítà àti softener, tó ń yọ ohun tó ń dì kúrò nínú omi, síwájú omi ẹ̀. Páìpù bàbà inú ẹ̀ yẹn, téèyàn bá wò ó látẹ̀yìn kejì ó yẹ kó rí ìmọ́lẹ̀ roboto bí ojú owó kọ́bọ̀, èmi ò rí ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, nǹkan funfun líle ti dì sí i yíká pẹ̀lú àwọ̀ ìpẹtà pupa láàárín ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò wọlé, ásíìdì la fi yọ ọ́. Wọ́n ti ń sọ pé chiller yẹn ò dáa, pé òtútù ẹ̀ ti lọ sí ìdajì. Kò sóhun tó ṣe chiller.

Nǹkan tó tún wà nínú ẹ̀ nìyí. Kò sí gáàsì AC nínú absorption, omi ló ń ṣe iṣẹ́ gáàsì yẹn nínú ẹ̀, iyọ̀ lithium bromide ló ń fa omi yẹn mu. Kí omi tó lè hó ní nǹkan bí 5°C, inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú 100 ti ìta. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí tó bá yọ́ wọlé, òtútù á wálẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó máa bójú tó o gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lo vacuum pump ẹ̀, ìyẹn pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kó máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má fi lé ẹni tó ń ṣe AC ilé lọ́wọ́ láìkọ́ ọ.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ní ilẹ̀ wa ni iná tó ń lọ lójijì. Tí absorption bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, omi iyọ̀ inú ẹ̀ ki gan-an, tí wọ́n bá fẹ́ pa á ó ní láti yí fúngbà díẹ̀ kí omi padà là á kó tó tutù. Tí iná bá kàn lọ pàì, pọ́ọ̀ǹpù dúró, iyọ̀ yẹn á tutù sójú kan, á dì gbagidi nínú páìpù. Láti yọ́ ọ padà lè gba yín lọ́jọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òtẹ́ẹ̀lì á sì wà láìsí òtútù. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré inú ẹ̀ ò jẹ iná púpọ̀, ẹ so ó mọ́ UPS tàbí bátìrì inverter. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

DamilareFM

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ yín. Àǹtí Àdùkẹ́, mi ò rò ó débi omi rárá torí wọn ò kọ omi kankan sínú ìwé tí wọ́n gbé wá. Bọ́hóólù wa méjì ni, ọ̀kan máa ń fà sílẹ̀ lóṣù kejì sí ìkẹta.

Mo tún fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ gáàsì. Wọ́n fẹ́ ká buwọ́ lùwé ọdún 15, take or pay, dọ́là ni wọ́n kọ owó gáàsì sí. Akáńtà wa ní kí n mú wá fún òun iye tí yúnìtì iná kan ṣoṣo (kWh kan) máa jẹ́, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó máa pèsè iná fúnra ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

EnjiniaGaasi

Dàmílárẹ̀, báyìí ni kó o ṣe sọ ọ́ fún akáńtà yín. Gáàsì tó wà nínú páìpù, mítà kúbíìkì (m³) kan nínú ẹ̀ ní agbára tó tó nǹkan bí 10 kWh. Ẹ́ńjìnnì á yọ bí 4 kWh iná jáde nínú ẹ̀, irú 400 kW yìí lè má tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi 3.8 ṣe é kọ́kàn yín lè balẹ̀. Ẹ pín owó gáàsì fún mítà kúbíìkì kan sí 3.8, ẹ fi owó ìtọ́jú kún un, ìyẹn plọ́ọ̀gì, ọ́ìlì, fílítà, àti owó tẹ́ ẹ máa fi sápá kan de ìgbà tí wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Èyí tó jáde nìyẹn lẹ máa fi wéra pẹ̀lú díísù, tí lítà kan ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3.3 sí 3.5 kWh, àti pẹ̀lú Band A. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, gbé owó Band A sókè lóṣù kẹrin 2024, 225 náírà fún kWh kan ló bẹ̀rẹ̀, ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ wo bíìlì yín ti oṣù yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó wá yọ owó ooru kúrò, iná tí hítà àti chiller ò jẹ mọ́.

Ẹ ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dọ́là òní, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dọ́là tó fi ìdajì gun òkè sí i. Gbogbo wa la rí ohun tí náírà fojú rí látoṣù kẹfà 2023. Àlejò ń sanwó yàrá ní náírà, ẹ máa sanwó gáàsì ní dọ́là, gbogbo ewu yẹn ọ̀dọ̀ yín ló wà.

Take or pay ló tún ṣe kókó jù. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gáàsì tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí, bẹ́ ẹ lò ó bẹ́ ò lò ó, ẹ máa sanwó ìdá kan pàtó nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì 1.5 MW máa fọwọ́ sí gáàsì 1.5 MW. Ṣé o ti wá rí ìdí tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì? Àṣìṣe ọjọ́ kan lórí ìwọ̀n, ọdún 15 lẹ máa fi san án. Ẹ fọwọ́ sí èyí tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ máa lò lóru òjò lóṣù kẹjọ nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì ò kún, èyí tó bá lé, kí wọ́n tà á fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó.

Ìwé àṣẹ: òótọ́ ni, tí iná tẹ́ ẹ ń pèsè fún ara yín bá ju 1 MW lọ, ẹ nílò captive permit. 1.5 MW á mú yín wọ inú ẹ̀, 800 kW ò ní mú yín wọ ibẹ̀. Látìgbà Electricity Act 2023, Èkó ti dá àjọ tiẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ iná, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ ti lọ béèrè kí ẹ tó dá nǹkan dúró, ti gáàsì àti ti àyíká náà sì ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ rán yín létí. Ẹ́ńjìnnì gáàsì kì í gba lóòdù ńlá lẹ́ẹ̀kan bíi díísù. Tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ chiller, lífítì méjì àti pọ́ọ̀ǹpù bá jọ ta gìrì lẹ́ẹ̀kan náà, iná á rẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè kú. Ẹ fi VFD tàbí soft starter, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò gbéra díẹ̀díẹ̀, sára àwọn mọ́tò ńlá, kí pánẹ́ẹ̀lì máa dá wọn tàn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má ta díísù yín, ó kéré tán ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà, torí gáàsì náà lè dúró nígbà tí wọ́n bá ń tún páìpù ṣe.

SolaLoDaju

Ẹ má bínú o, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ẹ gbé sólà àti bátìrì lithium sórí òrùlé, ẹ bọ́ lọ́wọ́ gáàsì, ẹ bọ́ lọ́wọ́ dọ́là, ẹ bọ́ lọ́wọ́ take or pay.

EnjiniaGaasi

Sólà dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n ilé yìí. Iná tó ń lọ láàárín 430 sí 900 kW, lójúmọ́ á tó bí 15,000 kWh. Òrùlé òtẹ́ẹ̀lì alájà mélòó kan, tánkà omi wà níbẹ̀, chiller wà níbẹ̀, cooling tower tún ń bọ̀. Ká ní wọ́n rí àyè sólà 200 kWp (agbára ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú gan-an), ìyẹn lé ní 1,000 mítà onígun mẹ́rin, l'Ékòó tí kùrukùru pọ̀ yìí ó máa fún wọn ní nǹkan bí 700 sí 800 kWh lójúmọ́. Kí wọ́n gbé e síbẹ̀, ó wúlò, owó gáàsì á dínkù lọ́sàn-án. Kí wọ́n kàn rí i dájú pé pánẹ́ẹ̀lì sólà ò ní ti ẹ́ńjìnnì sísàlẹ̀ ìdajì agbára ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Méjì kékeré náà ló tún gbà wọ́n níbí yìí, wọ́n lè pa ọ̀kan.

TundeLewisham

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tó wà nílé. Láti London ni mo ti ń kọ̀wé, iṣẹ́ ẹ̀rọ inú ilé ńláńlá ni mò ń ṣe, mo ti bá irú èyí pàdé níbí.

Tríjẹnẹréṣọ̀n tó lókìkí jù níbí ni Citigen, ní Charterhouse Street lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹran Smithfield. Inú ilé tí wọ́n ti ń kó nǹkan sí yìnyín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí láyé 1990. Ó ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé omi gbígbóná àti omi tútù lọ sí Barbican àti Guildhall. Ní South Africa náà, MTN gbé ti 2 MW kalẹ̀ sí ọ́fíìsì ńlá wọn ní Johannesburg lọ́dún 2010. Ìyẹn ni pé nǹkan gidi ni, ó ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí, torí ẹ máa rí i nínú ìwé àwọn òyìnbó pé ayé rẹ̀ ti kọjá. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń ṣírò ilé níbí, èéfín carbon tí wọ́n kà sí iná ìjọba lọ́rùn jẹ́ 0.519 kìlógíráàmù fún kWh kan nínú ti 2012, ó ti wálẹ̀ dé 0.136 nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, torí wọ́n ti pa èédú tì, afẹ́fẹ́ ojú òkun ló ń pèsè iná púpọ̀. Iná ìjọba wá mọ́ ju iná ẹ́ńjìnnì gáàsì lọ, ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé tuntun fi ń sá lọ sí heat pump nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru látinú ilẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ìta, Citigen gan-an ti gbẹ́ kànga jíjìn, wọ́n ti fi heat pump kún tiwọn. Nàìjíríà ò tíì débẹ̀. Yàtọ̀ sí omi Kainji, Jebba àti Shiroro, gáàsì náà ló pọ̀ jù nínú iná ìjọba yín, Ẹ̀gbìn tó lè pèsè 1,320 MW ní Ìkòròdú gáàsì ló ń sun, ooru ibẹ̀ inú ọ̀sà ló ń lọ, kì í dé yàrá ẹnikẹ́ni. Gáàsì kan náà tẹ́ ẹ bá sun ní Ìkẹjà, tẹ́ ẹ sì rí ooru ẹ̀ lò, èrè gidi ni fún yín àti fún ìlú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àṣà àtijọ́ ni nítorí pé London ti kúrò nídìí ẹ̀, ẹ ní kó fi iná London ránṣẹ́ sí yín ná.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun: ẹ lọ wo ilé yẹn fúnra ẹ̀. Fèrèsé gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ṣé nǹkan wà tó ṣíji bò ó? Fóòmù tí wọ́n fi wé páìpù omi tútù lórí òrùlé, ṣé kò tíì ya, ṣé omi ò máa kán nídìí ẹ̀? Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn àpèjẹ, ṣé ó máa ń wà ní ṣíṣí sílẹ̀ tí AC bá wà lókè? Gbogbo tọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ yọ, ẹ kò ní ra ẹ́ńjìnnì fún un, ẹ kò ní ra absorption fún un, ẹ kò ní fa omi bọ́hóólù fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó wá wọn lóòdù tuntun.

Ti omi tútù náà, ẹ má so absorption àti chiller oníná yín pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí omi tó ń padà láti inú yàrá, tó wà ní 12°C, kọ́kọ́ gba inú absorption, kó mú un wá sí bíi 9°C, kí chiller oníná wá mú un wálẹ̀ sí 6 tàbí 7. Absorption máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i tí omi ò bá ní láti tutù jù, ẹ ò sì ní fi ooru ṣòfò.

DamilareFM

Ẹ̀gbọ́n Túndé, ẹ ṣeun púpọ̀. Fóòmù orí òrùlé ti ya lóòótọ́, ìwọ̀ oòrùn ni gbogbo yàrá iwájú kọjú sí. Mo ti ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ ṣe báyìí, mo fẹ́ fi mítà omi sẹ́nu páìpù hítà ká lè mọ iye omi gbígbóná tá à ń lò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, torí àárọ̀ láàárín aago 6 sí 9 ló máa ń ga jù, AC ò sì tíì le nígbà yẹn. Ṣé tánkà ńlá kan tí wọ́n wé dáadáa ò ní lè kó ooru òru pamọ́ de àárọ̀?

AdukeChiller

Ó máa kó o, dáadáa gan-an. Lóru AC rọra, àlejò ń sùn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ kó ooru yẹn sínú tánkà ní 65°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 60 lọ nítorí kòkòrò Legionella tó máa ń gbé nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, cooling tower náà nílò oògùn fún kòkòrò kan náà. Tó bá di aago 6 tí gbogbo èèyàn ṣí ẹ̀rọ ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tánkà ló máa dá wọn lóhùn.

Ohun kan péré ló kù tí mo fẹ́ kó o gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. 300 tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ síwèé, omi tower tó tutù tó bí 29 tàbí 30°C ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n nílé iṣẹ́. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wa l'Ékòó ò ní jẹ́ kí tower mú omi wá sísàlẹ̀ 31 sí 32 ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, tọ́ọ̀nù á sì wálẹ̀. Omi gbígbóná tó ń wọlé náà, tó bá jẹ́ 85°C dípò 95, á tún wálẹ̀ sí i. Ní kí wọ́n fún ẹ ní tábìlì tọ́ọ̀nù ẹ̀ ní omi tower 32°C, ooru 88°C, omi tútù 7°C, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní 100, 75 àti 50 nínú 100 agbára ẹ̀. Kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó wọn tí kò bá dé ibẹ̀ nígbà àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá fún ẹ, gbé e wá síbí ká jọ wò ó.